Bébà, Itọ́ àbí Lẹ́tà: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Fi Wá Ẹbí Yín Tó Jẹ́ Òyìnbó?

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín jẹ́ òyìnbó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí o. A pọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn bàbá wa tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní Ìlú Ọba, àwọn tó lọ ka lọ́ọ̀yà, àwọn tó lọ ka dókítà, àwọn kan nínú wọn mú ìyàwó bọ̀ wálé, àwọn míì bímọ síbẹ̀ tí wọn ò sì mú ọmọ bọ̀. Ní báyìí àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ-ọmọ ló ń béèrè pé àwọn wo gan-an la jọ jẹ́ ẹbí lọ́hùn-ún.

Tèmi rèé. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Burnley ni, ní Lancashire. Ó fẹ́ bàbá àgbà mi ní 1956, ó tẹ̀lé e wá sí Ìbàdàn ní 1958, Yorùbá ẹnu ẹ̀ dùn ju tàwọn kan tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, Ìbàdàn náà la sì sin ín sí. Màámà kì í sọ̀rọ̀ ilé wọn. Téèyàn bá béèrè, á ní "ó ti pẹ́," á bọ́ sí kíṣìnnì. Ìgbà tó kú la tó ṣí àpótí ẹ̀, sàtífíkéètì ìgbéyàwó wọn la bá níbẹ̀ àti fọ́tò kan, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n dúró níwájú ilé bíríkì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fi èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣíwájú, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n to àwọn ọ̀nà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu kẹ́ ẹ tó náwó.

Ọ̀nà mẹ́ta

Bébà ni kẹ́ ẹ mú tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ ẹni náà, tẹ́ ẹ mọ ìlú ẹ̀, tẹ́ ẹ sì lè fojú díwọ̀n ọdún tí wọ́n bí i. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ẹni pàtó ló sì máa ń tọ́ka sí. Itọ́, ìyẹn DNA, òun ni kẹ́ ẹ mú tó bá jẹ́ pé orúkọ gan-an ni ò sí, bóyá wọn ò kọ orúkọ bàbá sínú ìwé ìbí, tàbí wọ́n gbé ọmọ náà fún ẹlòmíì tọ́. Á kó èèyàn rẹpẹtẹ wá bá yín, àmọ́ kò ní sọ bí wọ́n ṣe jẹ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wá ìyẹn fúnra yín. Lẹ́tà wà fún ẹni tó bá ti ní orúkọ alààyè kan ṣoṣo lọ́wọ́, kódà kó má tíì dá a lójú. Òun ló yá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì rọrùn jù láti bà jẹ́.

Ohun témi ṣe ni pé mo kọ́kọ́ ra DNA ní 2019, nígbà tó jẹ́ pé bébà tó ní orúkọ èèyàn mẹ́fà nínú wà lọ́wọ́ mi. Ó ń dùn mí títí dòní, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé ìsàlẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí bébà

Ẹ kọ́kọ́ fi í sọ́kàn pé kò sí agboolé ní Burnley. Kò sí ìyá arúgbó tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó máa ki oríkì yín dé orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ní dípò ẹ̀, akọ̀wé yẹn ò sì fi iṣẹ́ ẹ̀ ṣeré rárá. Láti July 1, 1837 ni wọ́n ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales, Scotland bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní January 1, 1855, Ireland ní 1864.

Nínú sàtífíkéètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo lẹ máa rà? Ti ìbí á sọ orúkọ bàbá àti iṣẹ́ ẹ̀, á sọ orúkọ ìyá àti sọ́nẹ́ẹ̀mù tó ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ti ìgbéyàwó á sọ orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, á sọ iṣẹ́ wọn, á sọ àdírẹ́sì, á sì sọ àwọn ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n kò ní dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni, torí May 4, 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìyá sí i ní England àti Wales. Scotland ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ti ń kọ ìyá sí i tipẹ́tipẹ́. Ti ikú ló dà bíi pé kò wúlò, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀, orúkọ ẹni tó lọ sọ fún ìjọba pé ẹni náà kú wà nínú ẹ̀, ọmọ olóògbé ló sì sábà máa ń jẹ́. Torí náà tó bá jẹ́ alààyè lẹ ń wá, ti ikú ló máa gbé yín sún mọ́ wọn jù, tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gun òkè lọ bá àwọn baba ńlá, ẹ ra ti ìgbéyàwó. Èmi ti ìgbéyàwó ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọn ẹlẹ́rìí yẹn.

Ọ́fíìsì ìjọba tó ń tà á ni General Register Office, GRO la máa ń pè é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á. Tó bá jẹ́ ìwé gidi tí wọ́n máa fi pọ́ọ̀sì ránṣẹ́, £12.50 ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ti ìbí tó bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ lè wo àwòrán ẹ̀ lórí fóònù ní £3 péré. Èyí olówó pọ́ọ́kú yẹn, ìwádìí nìkan ló wà fún, ẹ ò lè gbé e síwájú àwọn aṣojú ìjọba.

Mo dárúkọ ìjọba torí físà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wá, físà kan sì wà tí wọ́n ń pè ní UK Ancestry, tó wà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 17 tí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà ẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí UK. Ọdún 5 ni wọ́n máa ń fúnni. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló gbé yín dìde, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: ẹ ò nílò DNA, ẹ ò nílò ìkànìyàn, sàtífíkéètì ìbí ìran mẹ́ta lẹ nílò, tiyín, ti òbí yín, ti òbí àgbà, kó sì jẹ́ èyí tó gùn tó ní orúkọ àwọn òbí nínú. Èyí kékeré tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láyé ọjọ́un ò ní orúkọ òbí, ẹ má rò pé ìyẹn tó.

Ìkànìyàn ńkọ́? Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ṣe é, ẹ lè ka ilé kọ̀ọ̀kan lórúkọ-lórúkọ láti 1841 dé 1921, nítorí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi máa ń tì í pa. Ohun tó dáa jù nínú ẹ̀ ni pé ìdílé lódindi lẹ máa rí, bàbá, ìyá, ọmọ, ayálégbé, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n bí kálukú sí. Burnley nígbà yẹn, ká sọ pé Ìṣẹ́yìn tiwọn ni, ilé lẹ́yìn ilé, ahunṣọ ni wọ́n, tọkùnrin tobìnrin. Mo ka ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ìṣòro ẹ̀ fún irú àwa yìí ni pé àwọn ìyá àgbà wa, ẹ̀yìn 1921 ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti 1931 ní England àti Wales jóná pátápátá ní December 1942, ti 1941 ò wáyé rárá torí ogun. Ti 1951 ló kàn, ó sì di 2052 ká tó rí i. Òbí ìyá àgbà lẹ lè fi ìkànìyàn wá, ẹ ò lè fi wá ìyá àgbà fúnra ẹ̀.

Ohun tó dí àlàfo yẹn ni ìwé 1939. September 29, 1939, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ka gbogbo èèyàn kí wọ́n lè fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀. Ọjọ́ ìbí gan-an ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí lásán. Nǹkan tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ju ìkànìyàn lọ ni pé ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n ń lò ó fún títí di 1991, torí náà bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, wọ́n á fi bírò kọ sọ́nẹ́ẹ̀mù tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹ fojú inú wò ó, obìnrin ló máa ń pòórá jù nínú ìwé òyìnbó torí wọ́n ń yí orúkọ padà, ìwé kan ṣoṣo yìí á sì fi orúkọ méjèèjì hàn yín pa pọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọn ò sì mọ̀ pé ó ti kú, wọ́n á fi ìlà dúdú bo orúkọ ẹ̀. Ìlà dúdú méjì ló wà lábẹ́ òbí Màámà. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ lè béèrè kí wọ́n ṣí i.

Ká ní ìwé 1939 yẹn ni mo kọ́kọ́ wò, mi ò bá má ra sàtífíkéètì ẹni ẹlẹ́ni. Ọmọbìnrin méjì ló jẹ́ orúkọ kan náà ní àgbègbè kan náà láàárín oṣù mẹ́ta kan náà (oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń to orúkọ sínú àkọsílẹ̀), mo ra ti àkọ́kọ́, orúkọ bàbá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti bàbá Màámà. Orúkọ ìyá tó wà nínú 1939 ì bá ti jẹ́ kí n rí ìgbéyàwó àwọn òbí Màámà, sọ́nẹ́ẹ̀mù ilé ìyá ì bá sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi. Nǹkan míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: wọ́n fún òbí ní ọjọ́ 42 láti lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, torí náà ọmọ December lè wà nínú àkọsílẹ̀ March ọdún kejì. Ẹ má kánjú sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ti ìrìbọmi àti ìsìnkú, 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ́. Ó wà fún ẹni tó fẹ́ kọjá 1837 lọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ò tíì débẹ̀. Ẹni tí ẹbí ẹ̀ jẹ́ ará Ireland, kó mọ̀ pé iná jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba pa mọ́ sí ní Dublin ní 1922, ọ̀pọ̀ nǹkan lọ síbẹ̀, àmọ́ ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó jẹ́ ará Scotland, ScotlandsPeople ni kó gbà lọ tààrà, ti ìjọba ni, ojú ìwé tó bá fẹ́ wò nìkan ló máa sanwó fún.

Èyí ọ̀fẹ́ àtèyí olówó

Sáìtì olówó tó gbajúmọ̀ jù ni Ancestry àti Findmypast, owó oṣù tàbí owó ọdún lẹ máa san. Èyí ọ̀fẹ́ ni FreeBMD, FamilySearch, àti fún àwa Lancashire, LancashireBMD. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀fẹ́ ò lè dáa tó. Rárá o. Tó bá jẹ́ ìwádìí ìbí, ìgbéyàwó àti ikú láàárín 1837 sí bí 1980 ni, FreeBMD ni màá ní kẹ́ ẹ lọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló jókòó tẹ gbogbo ẹ̀. Ohun tí ò sí níbẹ̀ ni àwòrán ìkànìyàn, ìwé 1939 àti ìwé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi, àwọn yẹn lẹ máa sanwó fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ má sanwó kankan kẹ́ ẹ tó yọjú sí láíbìrì àdúgbò yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní Ancestry tàbí Findmypast lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Leeds ló ń bá mi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé bíi tèmi, ẹ kọ gbogbo ìbéèrè yín sílẹ̀ ná, ẹ san oṣù kan péré, ẹ fi òru ọjọ́ mélòó kan wá gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fagi lé e kó tó di pé wọ́n tún yọ owó.

Ìwé èrò ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹ má gbàgbé ẹ̀ o. Àwọn tó ń wọ UK láti 1878 dé 1960 àtàwọn tó ń jáde láti 1890 dé 1960 wà nínú ẹ̀, títí kan àwọn ọkọ̀ Elder Dempster bí Aureol àti Apapa tó ń ná Liverpool sí Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti rí Màámà ní 1958, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan, ìyẹn ìyá mi, àti àdírẹ́sì tó gbé kẹ́yìn kó tó wọkọ̀.

Ibi tí ọ̀fẹ́ ti yanjú ọ̀rọ̀ mi nìyí. Lórí sàtífíkéètì ìgbéyàwó inú àpótí yẹn, obìnrin kan wà lára àwọn ẹlẹ́rìí, sọ́nẹ́ẹ̀mù tí a ò mọ̀ rí, gbogbo wa gbà pé ọ̀rẹ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo kàn tẹ sọ́nẹ́ẹ̀mù yẹn pọ̀ mọ́ sọ́nẹ́ẹ̀mù ilé bàbá Màámà sínú FreeBMD, torí láti 1912 ni wọ́n ti ń kọ sọ́nẹ́ẹ̀mù ọkọ àti ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbéyàwó kan jáde, Burnley, 1947. Ẹ̀gbọ́n Màámà ni. Ọmọbìnrin kejì inú fọ́tò. Láti ìdajì kejì ọdún 1911 sì ni orúkọ ilé ìyá ti ń wà lára àkọsílẹ̀ ìbí, torí náà mo fi sọ́nẹ́ẹ̀mù méjèèjì wá àwọn ọmọ, mẹ́ta ni wọ́n, ọmọbìnrin méjì, ọmọkùnrin kan. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Orúkọ yẹn ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ tá a ti ṣí i.

Itọ́

Mi ò sọ pé DNA ò dáa. Ẹni tí wọ́n fa ìlà sójú orúkọ bàbá ẹ̀ nínú ìwé ìbí, DNA ló máa gbà á là. Láyé ìgbà náà, bí tọkọtaya ò bá tíì ṣègbéyàwó, wọn kì í kọ orúkọ bàbá àfi tí bàbá fúnra ẹ̀ bá wá fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó bí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láàárín 1950 sí 1970 wà lára wọn, wọ́n gbé àwọn kan fún alágbàtọ́, wọ́n sì yí orúkọ wọn padà. Ní England àti Wales, ẹni tí wọ́n gbà tọ́ lábẹ́ òfin kó tó di November 12, 1975 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí olùdámọ̀ràn kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìbí ẹ̀ àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ má ka ìyẹn sí ìyọnu o, ó dáa kéèyàn ní ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan ilé iṣẹ́ DNA, ibi tí èrò pọ̀ sí jù lẹ máa lọ, AncestryDNA ló sì ni èrò jù. Wọn kì í gba èsì láti ibòmíì, ẹ ṣe tiwọn ná, kẹ́ ẹ wá gba fáìlì yín jáde kẹ́ ẹ gbé e lọ sí GEDmatch, ìyẹn sáìtì tí àwọn tó ṣe DNA ní ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń fi èsì wọn wéra. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ lè wó: 23andMe, ilé iṣẹ́ DNA míì, wọ kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́ ní March 2025, itọ́ àìmọye èèyàn sì wà lọ́wọ́ wọn.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí ni cM, ìyẹn centimorgan, òun ni wọ́n fi ń wọn bí DNA tẹ́yin àti ẹnì kan jọ ní ṣe pọ̀ tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yín á wà níbi 850. Ẹni tó jẹ́ pé ìyá àgbà ẹ̀ àti ìyá àgbà yín jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, bí 230. Tẹ́ ẹ bá tún lọ sẹ́yìn sí i ní ìran kan, á wálẹ̀ sí bí 70, nígbà míì kò ní sí rárá. Ìyẹn ló fi yẹ kó jẹ́ àgbàlagbà jù nínú ilé ló máa tutọ́. Èmi ni mo tutọ́ nígbà tí ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì pàdánù ìdajì ohun tí tiwọn ì bá fi hàn. Àwọn tó jáde fún mi, Australia, Canada, ẹni 35 cM, ẹni 28 cM, kò sẹ́ni tó mọ Burnley. Àwọn tó jáde láti ọ̀nà Yorùbá mi pọ̀, ní Amẹ́ríkà àti Brazil, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, mo ń kọ̀wé sí àwọn kan nínú wọn di báyìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì.

Lẹ́tà

Ibí ló ṣòro jù, ibí náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Facebook yá, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wá látọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀, ibi tó fara pa mọ́ ló ń lọ, ẹlòmíì ò ní rí i títí ọdún méjì. Ìfiránṣẹ́ inú Ancestry dáa fún ẹni tó ń wá ẹbí òun náà, ó ṣe tán láti dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò wọbẹ̀ mọ́. Fún àgbàlagbà òyìnbó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lẹ́tà orí bébà ni, kẹ́ ẹ sì bá mi wá ẹni tó máa fi pọ́ọ̀sì rán an láti inú UK.

Ìdí ni pé ẹ̀rù máa bà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa: bí lẹ́tà bá ti Nàìjíríà dé tó ní "mọ̀lẹ́bí yín ni mí," gbájú-ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò. Torí náà mi ò fi "mọ̀lẹ́bí" bẹ̀rẹ̀. Mo fi ohun tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀: orúkọ bàbá wọn àgbà, iṣẹ́ ẹ̀, òpópónà tí wọ́n gbé ní 1939. Mo fi ẹ̀dà fọ́tò àti ti sàtífíkéètì sí i. Mo sọ ọ́ pé mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ ìwé ìpè, pé ojú ìwé kan péré ni mò ń wá nínú ìtàn ìyá wa. Mo kọ àdírẹ́sì àbúrò mi ní Leeds kí wọ́n lè rí ẹni tí wọ́n lè yọjú sí. Lẹ́tà náà ò ju ojú ewé kan lọ. Ọmọkùnrin yẹn ni mo kọ ọ́ sí, torí ọkùnrin kì í yí sọ́nẹ́ẹ̀mù padà, orúkọ ẹ̀ ló rọrùn láti rí nínú ìwé àwọn olùdìbò.

July 2022 la rán an. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Èèyàn tó dáhùn kì í ṣe ọkùnrin yẹn, àbúrò ẹ̀ obìnrin ni. Ó ní ìyá àwọn kú ní February ọdún yẹn, ẹni ọdún 97, pé láti ọdún tí lẹ́tà ti dáwọ́ dúró ló ti ń béèrè pé kí ló ṣe àbúrò òun ní Nàìjíríà. Mo tún ọjọ́ tí mo ra DNA yẹn kà sẹ́yìn lórí ìka ọwọ́ mi. Ìyá yẹn wà láyé fún ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wo nọ́ńbà àwọn ará Australia.

Ó fi orúkọ ẹ̀ lásán buwọ́ lùwé, ó ní kí n máa fi pe òun. Ẹnu mi ò gbà á, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mi, ẹgbẹ́ ìyá mi. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní Auntie dáa.

Gbogbo lẹ́tà tí Màámà kọ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti Ìbàdàn wà nínú páálí bàtà lọ́dọ̀ Auntie. Méjì-méjì ló ń ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ lọ́jọọjọ́ Sunday, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti ìyá mi á jókòó kà á pọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé 1966.